Ṣé kí n kó ìsọ̀ aṣọ mi láti Èkó lọ sí Ìbàdàn?

Ìyá Aláǹkárá (ìbéèrè)

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Aṣọ ni mo ń tà, àǹkárá àti léèsì, ìsọ̀ mi sì ti wà ní Ìsọlọ̀ ní Èkó láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó sì ti gba ilé sí Akóbọ̀, nítorí náà ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ kù sí. Àwọn ẹbí ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, sọ pé ń ṣe ni mo ń jìyà lásán ní Èkó, pé owó tí mo fi ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan níbí yóò tó mi jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó ní kí n má dán an wò, wọ́n ní ará Ìbàdàn á ná aṣọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, á sì tún béèrè ẹ̀ní lé e. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó mọ ìlú méjèèjì: ṣé lóòótọ́ ni ọjà rọrùn ní Ìbàdàn tó bí wọ́n ṣe ń wí, àti pé ṣé ẹni tí títajà fún ará Èkó ti mọ́ lára lè rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ níbẹ̀?

Ọmọ Òjé

Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ní ti oúnjẹ, òótọ́ ni àwọn ẹbí ọkọ yín sọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Púpọ̀ nínú èlùbọ́, gààrí àti iṣu tí ẹ ń rà ní Èkó ni ó ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń kó o bọ̀, láti Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká. Tí ẹ bá rà á ní Bódìjà, ẹ ti yọ owó ọkọ̀ Èkó kúrò, ẹ sì ti yọ èrè alágbàtà kan tàbí méjì kúrò pẹ̀lú. Ti tòmátì àti ata tí ó ń ti òkè Ọya bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí irú ọkọ̀ kan náà ni ó ń já a sí Ṣáṣá lọ́dọ̀ wa àti sí Máìlì 12 lọ́dọ̀ yín. Ẹ kíyè sí òṣùwọ̀n o. Kóńgò ni a fi ń wọn gààrí níbí, pẹ́ńtì àti dérìkà ni ó pọ̀ ní Èkó, ẹni tí ó bá sì fi owó kóńgò wé owó pẹ́ńtì láìwọ̀n wọ́n wò, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ní ti aṣọ, ẹ má wo Ìbàdàn lápapọ̀, Gbági Tuntun ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀ ni kí ẹ wò. Kì í ṣe ará Ìbàdàn nìkan ni ó ń rajà níbẹ̀. Àwọn aláròóbọ̀ láti Òṣogbo, Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ń wá dì í lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì tẹ̀lé e wá, wọ́n tẹ̀dó sí Gbági àtijọ́ lẹ́bàá Dùgbẹ̀, owó kòkó sì ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń wá ra aṣọ ọdún. Àwọn aláṣọ ti kó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ ọjà dání lọ. Tí ó bá jẹ́ aṣọ òkè ni oníbàárà yín ń fẹ́, ọjà Òjé ń pé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún-kẹtàdínlógún, àwọn tí ó ń hun ún ní Ìṣẹ́yìn ni ó ń kó o wá.

Òótọ́ ni pé a máa ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àpótí yín fún ààbọ̀ wákàtí, tí ó ná aṣọ kan títí, tí ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ yín, kò ní in lọ́kàn láti lọ lọ́wọ́ òfo. Onítọ̀hún ni yóò mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá yín nígbà tí aṣọ ẹbí bá dé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa láti Òjé, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó gbàgbé láti sọ ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ará Gbági ti ń ra aṣọ tí wọ́n ń tà. Balógun ni. Àpápá àti Tin Can ni kọ̀ǹténà ń gúnlẹ̀ sí, láti ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wọ Balógun àti Ìdúmọ̀tà kí ẹnikẹ́ni tó dì í lọ sí Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ àti èrè alágbàtà tí ó bá wa yọ kúrò lórí èlùbọ́, ó ti rọra gbé e lé orí léèsì.

Èkó kì í sì í ṣe ọjà kan. Ẹni tí ó ń wá okirika yóò lọ sí Kàtángówà, tàbí kí ó dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Aswani tí kò jìnnà sí ìsọ̀ yín. Ẹni tí ó ń wá fóònù yóò lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tí ó ń wá tẹlifíṣọ̀n yóò lọ sí Alábà. Ìyà tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè ná méjì nínú wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, n kò sì ní gbèjà sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Síbẹ̀, nǹkan ń yí padà. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń ṣiṣẹ́ láti 2008, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù sì ti ń ná Mile 2 sí Marina, kìlómítà 13, láti oṣù Kẹsàn-án 2023, bẹ́ẹ̀ ni aláwọ̀ pupa láti Agbádó sí Ọ̀yìngbò bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ní Ìbàdàn, Máíkírà ṣì ni, tí wọ́n ń fún ènìyàn méjì mọ́ orí àga kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Oníbàárà Èkó kò ní àyè láti jókòó sórí àpótí. Ó béèrè iye, ó ná an lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fóònù san owó, ó lọ. Irú rẹ̀ mẹ́wàá lóòjọ́ ni ó ń san owó ìsọ̀.

Bàbá Agodi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a kì í torí pé a fẹ́ ra nǹkan lọ sí Èkó. Kingsway wà ní Dùgbẹ̀, Leventis wà níbẹ̀, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 sì ń wò wá láti òkè pẹ̀lú àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀. Ìbàdàn ni olú-ìlú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń jáde, ìdí owó oṣù sì ni ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń gbé. Ní 1967 Èkó di ìpínlẹ̀, ní 1976 wọ́n gé Ògùn àti Oǹdó kúrò lára wa, owó náà sì fọ́n ká. Wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà ńlá sí Ring Road báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń lọ jẹ áísìkirímù níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí wọn kí wọ́n ra aṣọ bọ̀. Inú ọjà ni kí ìyá yìí gba ìsọ̀ sí.

Arìnrìn-àjò Mọ́níyà

Èmi ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí. Bàtà àti báàgì ni mo ń tà, mo sì kó kúrò ní Ṣómólù wá sí Ìbàdàn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ Bàbá Agodi, nítorí àṣìṣe tí mo ṣe gan-an nìyẹn: mo gba ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ní àdúgbò tí ó tutù, mo rò pé ìsinmi ni mo wá. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ta àwìn fún àwọn aládùúgbò. Ní Èkó, ẹni tí kò mọ̀ mí ni mo ń tajà fún, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ pé "ẹ jẹ́ kí n mú un lọ ná, mà á mú owó wá lọ́jọ́ Àìkú." Níbí, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọmọ mi lórúkọ, ta ni n ó sọ fún pé rárá? Ọjọ́ tí mo wọ inú ọjà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó lọ́wọ́.

Nípa ẹrù, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ni mo ń wọ̀ lọ ná ọjà ní Èkó, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ó rọrùn ju ojú títì lọ, ó sì ń lọ ní àkókò, àmọ́ Mọ́níyà tí ó ń dúró sí jìnnà sí àárín ìlú, kí ènìyàn sì tó ti ibẹ̀ dé Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́, ó ti lo àkókò tí kò bá fi sùn. Ẹrù mi kì í bá mi wọ̀ ọ́, gáréèjì ni mo ti ń fi ránṣẹ́. Ohun tí mo pàdánù jù ni èyí: ní Èkó, tí oníbàárà bá béèrè àwọ̀ tí n kò ní, mo lè rán ọmọ lọ gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbí, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dúró.

Ṣùgbọ́n mo ń sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde nílé ní Èkó, oorun ni àwọn ọmọ mi máa ń wà nígbà tí mo bá jáde àti nígbà tí mo bá wọlé. Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ kò sì lọ. Àwòrán ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ìdajì ọjà mi ni ó ṣì ń padà lọ sí Èkó tí mo ti rà á.

Ìyá Aláǹkárá

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àwìn yẹn ni ó wọ̀ mí lára jù, nítorí pé mo mọ ara mi, n kò lè wo ojú ìyá ọkọ mi kí n sọ pé owó lọ́wọ́ ni mo ń gbà. N kò ní fi ìsọ̀ Ìsọlọ̀ sílẹ̀ títí owó ọdún yìí yóò fi tán. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yóò máa mójú tó o. Èmi yóò kó ìwọ̀nba aṣọ lọ sí Gbági fún oṣù kan, kí n fi ojú ara mi wò ó. Ọmọ Òjé, ṣé ènìyàn lè kàn bá aláṣọ kan pín ìsọ̀, àbí ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí?

Ọmọ Òjé

Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ aláṣọ tí ó wà ní ìlà náà kí ẹ tó tú ẹrù, kí ẹ sì mú ẹni tí wọ́n mọ̀ dání, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Èkó ni ẹ ti ń bọ̀ títí ẹ ó fi ná owó ìsọ̀ tán.