"Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ààbò àyíká onítàn": ẹ jẹ́ ká dán "àjọtọ́jú" wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé "ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ààbò àyíká onítàn" ni ká máa pe iṣẹ́ tí ìjọba, ààfin, onílẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ń jùmọ̀ ṣe kí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé má baà bàjẹ́. Ó gùn, ó sì ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi "àyíká" bẹ̀rẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, ìmọ́tótó àyíká la mọ̀: gọ́tà, pàǹtírí, ilẹ̀ gbígbá. Ẹ pe bàbá kan ní Ìta Yemòó sí ìpàdé àyíká onítàn, á gbé ìgbálẹ̀ wá. "Agbègbè ìṣẹ̀ǹbáyé" á tètè yé e, torí kì í ṣe ère nìkan là ń wí. Ilẹ̀ alápáàdì tí wọ́n ní Ọọ̀ni Lúwòó, ọba obìnrin ayé àtijọ́, ló pàṣẹ rẹ̀, Igbó Olókun tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nígbàanì, Ọ̀pá Ọ̀rányàn tó jẹ́ òkúta gíga, gbogbo wọn ń bẹ ní ojúkò wọn.

Ẹnìkan mú "àjogúnbá" wá. Ẹ tú u wò: "jẹ ogún" ló wà nínú rẹ̀. Ogún là ń pín ní ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan), ẹni tó bá sì gba tirẹ̀ lè tà á. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún Ifẹ̀.

"Ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ orí pèpéle ni. Olóṣèlú ń bẹ̀bẹ̀ fún un ní gbogbo ìgbà, kì í sì sọ iṣẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń mú "àgbájọ ọwọ́" bọ̀. Kó fi sílẹ̀ ná.) Àmọ́ "jọ" máa ń bèèrè ohun tí kálukú mú wá: àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ìdí nìyí tí mo fi ní "àjọtọ́jú", kí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ "alájọtọ́jú".

Ta ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra? Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tí ọkọ́ fi kan àwọn orí idẹ. Nígbà tó fi máa di 1939, ọ̀kan ti di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó ló tún kan idẹ. Ṣùgbọ́n mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ààfin ti ṣí ní 1954, Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀-pìtàn, sì wú ilẹ̀ Ìta Yemòó létòlétò. Ère ọba àti olorì tó kọ́ ọwọ́ kọ́ ẹsẹ̀ jáde níbẹ̀, ohun ìní mùsíọ́ọ̀mù wa sì ni. Nínú méjèèjì, ẹni tó di ọkọ́ mú ló kọ́kọ́ rí i. Òfin 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Àjọ ò lè dúró sí ìdí ìpìlẹ̀ gbogbo.

Wọ́n á ní "tọ́jú" tún lè túmọ̀ sí fífi pamọ́: ó rí orí idẹ, ó tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ni, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí "jọ" bá ti ṣíwájú, kò sẹ́ni tó lè dá fi pamọ́ mọ́. "Àjọdáàbòbò" tí ẹlòmíràn dábàá ń ṣe mí bíi ti sójà ẹnu géètì.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín: bíríkìlà tó kan apáàdì, ṣé láti ìgbà tó kàn án ló ti di alájọtọ́jú, àbí ìgbà tó bá sọ fún ẹnìkan? Èmi ní láti ìgbà tó kàn án.