Páìpù omi abẹ́ bọ́ọ̀sì mi ti dípẹtà: ṣé kí n dí i ni, àbí kí n so ó pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì.

HiAce tòkunbọ̀, ọdún 1998, ni mo ń wà láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Àárọ̀ ni mo máa ń bu omi kún rédíétọ̀. Tí mo bá fi máa dé Fìdítì, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì ti ń gòkè. Páìpù irin méjì tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí hítà ẹ̀yìn (ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀yìn ọkọ̀ móoru) ló ń jò lábẹ́. Omi lásán la ti ń lò láti ọdún pípẹ́, kò sí coolant (omi oògùn rédíétọ̀) tó máa gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Mo fi skrudráfà ha ojú ẹ̀, ńṣe ló ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Mo ti fi gọ́ọ̀mù irin lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Wẹ́dà jó o, ihò mìíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó, torí irin náà ti fẹ́lẹ́ jù. Mo tún fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi kànga rọ́pò họ́òsì ìdí ẹ́ńjìnnì, ooru mú un wú, ó sì yọ kúrò lẹ́nu kílíìpù.

Mi ò nílò hítà yẹn rárá. Mo fẹ́ gé páìpù méjèèjì kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dí ẹnu méjèèjì pa níbi ẹ́ńjìnnì ni, àbí kí n fi họ́òsì hítà kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀ kí omi lè máa yí? Èwo ni kò ní jẹ́ kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì mi (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) jó?