Ọkọ mi tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ṣọ́jà kò fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Iléṣà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ kí ẹbí gbọ́ ọ kí n tó mọ ohun tí màá ṣe.

Ọkọ mi bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Sierra Leone. Freetown ló wà ní oṣù kìíní ọdún 1999 nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé e lọ sí Borno. Kì í sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Àwa tá a jọ ń gbélé la mọ̀. Tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin bánńgà níparí ọdún, abẹ́ fèrèsé ló máa ń lúgọ sí, á máa juwọ́ sí wa pé ká dọ̀bálẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi kó fẹ̀yìn ti ògiri kó máa wo ẹnu ọ̀nà. Oorun rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tó wá ń dájà sílẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó ra Raleigh àlòkù kan, ó tún un kùn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń gùn ún jáde. Ẹréjà, Ìsọ̀kùn, ó di ọ̀nà Ifẹ̀. Nígbà mìíràn, ó di Òṣú kó tó yí padà. Tó bá dé, aṣọ rẹ̀ á ti rin gbindin fún òógùn, á jẹun, á bá mi sọ̀rọ̀, á sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ní ìtìjú ni. Àkọ́bí ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà fúnni, kí n sọ pé olè ló gbé e, pé àwọn á ra ọkọ̀ fún un. Ní tèmi, ìtìjú kọ́, tírélà ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ́nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ṣé kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà pamọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kó máa gùn ún lọ?

Màmá Ìbejì, Ìjọ̀ká
Ẹ tẹra mọ́ àdúrà, màmá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Àmọ́ ẹ má parọ́ olè fún un o. Ọjọ́ tó bá mọ òótọ́, ta ló máa tún fọkàn tán nínú ilé yẹn?

Ọ̀gá Sájẹ́ńtì, Ilé-Ifẹ̀
Liberia ni èmi lọ. Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ yẹn pamọ́.

Ní bárékè, ìdájí ni fèrè ń dún, ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ á jọ bọ́ síta sáré. Ọjọ́ tó o bá bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, fèrè dákẹ́. Ara ṣì ń jí ní ìdájí, kò wá ríbi lọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń fún ọkọ yín níbi tí yóò lọ. Tó bá ń gun òkè, ọkàn rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ àti èémí rẹ̀. Kò ráyè ro ohun tó rí ní Freetown. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní tí wọ́n fi ń rántí àwa ológun, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni ogun Biafra parí ní 1970, wọ́n á lẹ báàjì máyà, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún wa. Tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ta ló ń bi wá bóyá a sùn? Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ bi í nípa pẹ́ńṣàn rẹ̀ náà. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò pẹ́ńṣàn tí òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù wà; Military Pensions Board l'Abuja ló ń san tiwa. Tí wọ́n bá pe àyẹ̀wò ìdánimọ̀, kó má ṣàìlọ.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà
Màmá, àìsàn ni ohun tẹ́ ẹ ń ṣàpèjúwe yìí jọ, dókítà ló sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó máa ń wà lára ẹni lẹ́yìn tójú rẹ̀ ti rí ohun ẹ̀rù. Ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ yìí sínú ìwé wọn. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí. Abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì OAU, ló wà, OAUTHC sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ n'Ífẹ̀. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fún un lóògùn tó bá nílò rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ dára fún oorun rẹ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò dókítà.

Tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró dọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Màmá Ìbejì, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dè é mọ́lẹ̀ tàbí nà án lórúkọ ìwòsàn.

Atún-kẹ̀kẹ́-ṣe, Ilé-Ifẹ̀
Kó má gun màrosẹ̀ lókùnkùn mọ́, kílẹ̀ mọ́ kedere ná. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, aṣọ tó ń tàn, àṣíborí. Ẹ ní kó wo bíréèkì Raleigh yẹn dáadáa, irin gbọọrọ ló ń fà á, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà sì pọ̀. Ìjókòó ńkọ́? Tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, díẹ̀ báyìí ló yẹ kí orúnkún tẹ̀. Tó bá rẹlẹ̀ jù, iwájú orúnkún á máa ro ó. Lọ́jọ́ Sátidé, kó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ wá sí Ifẹ̀, kó máa gùn ún nínú ọgbà OAU. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, igi ṣíji bò ó, tírélà ò sí.

Ọmọ Ṣọ́jà
Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá tiwa pé ó ti dàgbà. Yàrá ló jókòó sí látìgbà náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ yẹn, kí àwọn ọmọ yín fi ra àṣíborí àti iná, kí ìyókù jẹ́ owó ilé ìwòsàn.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Iléṣà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò ní gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àkọ́bí mi. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Sájẹ́ńtì sí bàbá létí lálẹ́ àná. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Bàtálíọ̀nù wo ló wà?" Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ wo ni kí n mú un wá? Ẹ̀yin atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ńkọ́, ṣé Sábó lẹ wà àbí Lágere?