Wọ́n ní àbúrò mi jẹ̀bi ọtí tí kì í ṣe tirẹ̀: ṣé a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín o. Ilé tí àbúrò mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé ni ọlọ́pàá ti bá páálí ọtí tófin kà léèwọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Téèpù ṣì wà lẹ́nu páálí náà, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Òun nìkan ló wà nílé, òun ni wọ́n mú. Ó ní òun ò jẹ̀bi, adájọ́ ní ó jẹ̀bi, ó bu owó ìtanràn lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ti wá gbà láti jẹ́rìí báyìí. Ṣé a lè mú un lọ sí kọ́ọ̀tù òkè?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ sanwó yẹn, kí ẹ gbàgbé ẹ̀. Owó lọ́yà á ju ìtanràn lọ.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Ẹ má bínú, Mà, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀daràn ló máa bá a dé ibi físà àti ibi iṣẹ́.

Olùbéèrè, ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti High Court sí Kọ́ọ̀tù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Nàìjíríà, ọjọ́ 90 ni. Láti Crown Court ní England, ọjọ́ 28. Bó bá ti kọjá, ẹ ó tọrọ àfikún àkókò, ẹ ó sì sọ ohun tó fa ìdádúró.

Ti ẹlẹ́rìí yẹn le díẹ̀. Wọn kì í sábà gba ẹ̀rí tuntun. Wọ́n á bi yín pé níbo ló wà nígbà ìgbẹ́jọ́. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ kà á láìfo ìlà kan. Kí wọ́n tó lè ní nǹkan wà níkàáwọ́ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kó sì ní agbára lórí rẹ̀. Wíwà nílé nìkan ò tó. Níbo ni olùpẹjọ́ ti fi ìyẹn hàn?

Olùbéèrè: A ti sanwó náà o. Ṣé kò tíì bàjẹ́?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Lọ́pọ̀ ibi, ìyẹn ò dí yín lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ká ní ó ti gbà pé òun jẹ̀bi ni, ọ̀rọ̀ ì bá le. Ṣé wọ́n yẹ ọtí náà wò?

Olùbéèrè: Ẹnikẹ́ni ò tú téèpù yẹn ní kọ́ọ̀tù, sà.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Ẹ̀hẹ́n! Ẹ sọ ìyẹn fún lọ́yà kó tó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà.