“Awò asúnmọ́” kọ́ ni lẹ́ńsì tí a fi ń ya owó onírin

Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún lẹ́ńsì tí àwọn tó ń ya àwòrán owó onírin ń pè ní mákírò. Àwọn kan ní ká pè é ní “awò asúnmọ́”, àwọn kan ní “awò amúǹkan-tóbi”, àwọn yòókù ní ká fi “lẹ́ńsì mákírò” sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ẹ̀kẹta kò burú. Méjì àkọ́kọ́ ni mo takò, kì í sì í ṣe pé wọn ò dùn létí o: ẹni tó bá gbé wọn lọ sọ́jà, ohun tí kò ní wúlò fún un ni yóò rà bọ̀.

Ẹ wo “asúnmọ́”. Fóònù lè sún mọ́ owó dé sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kó sì rí i kedere. Ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́ ọn tó yẹn, òjìji fóònù fúnra rẹ̀ á bo owó náà, iná ò ní rí ibi gbà wọlé, ìrísí owó á sì lọ́ nítorí pé lẹ́ńsì tó ń wo ibi fífẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń lò fún irú àwòrán yìí. Nínú iṣẹ́ yìí, ìsúnmọ́ gan-an ni à ń sá fún. Ohun tí à ń wá ni kí àwòrán owó tóbi lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, nígbà tí ẹnu lẹ́ńsì ṣì jìnnà sí i. Bí lẹ́ńsì mákírò oní-mìlímítà 100 bá dé ìwọ̀n 1:1, níbi tí àwòrán orí sẹ́ńsọ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú owó fúnra rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 ló máa ń ṣẹ́ kù láàárín ẹnu rẹ̀ àti owó. Ti oní-mìlímítà 50 lè má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Èyí tó “sún mọ́” jù nínú méjèèjì yẹn ló máa ń yọ ayàwòrán lẹ́nu jù.

Ibí ni mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ kan: “àlàfo ẹnu”, ìyẹn àyè tó wà láti ẹnu lẹ́ńsì dé orí owó. A nílò rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà jíjìnnà tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì kì í ṣe òun. Láti ojú sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti máa ń wọn ìyẹn. Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ mítà 0.3 sí lára kò ní fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ fún iná. Ara kámẹ́rà àti ara lẹ́ńsì ti jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Bí a bá ń pe méjèèjì ní “ìjìnnà” lásán, ọ̀rọ̀ ò ní yé ara wa.

“Amúǹkan-tóbi” sún mọ́ òótọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó kàn ń ṣèlérí àṣejù ni. Ìtumọ̀ 1:1 ni pé àwòrán owó tó bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú owó fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó tóbi sí i níbẹ̀, wọ́n dọ́gba ni. Sẹ́ńsọ̀ ńlá (full frame) jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, nítorí náà owó tó fẹ̀ ní mìlímítà 24 á kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní 1:1. Lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C, tó kéré jù ú lọ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 15.6, ńṣe la máa dín owó kan náà kù sí bíi 0.6 kó tó lè gbà. Àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì fúnra wọn ò gbà lórí orúkọ: ohun tí àwọn yòókù ń pè ní Macro, Micro ni Nikon ń pè é. Ká má wulẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni ín ṣì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àbá tèmi ni “lẹ́ńsì amúdọ́gba”. Ó sọ ohun tí lẹ́ńsì náà gbọ́dọ̀ lè ṣe, ó sì ń tú àṣírí àwọn lẹ́ńsì súùmù tí wọ́n kọ “macro” sí lára, tó jẹ́ pé 1:3 tàbí 1:4 ni agbára wọn mọ. Ẹnì kan lè sọ pé owó ńlá tó fẹ̀ ní mìlímítà 38 kò nílò ìdọ́gba rárá. Òótọ́ ni. Pín ìbú sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ owó, kí o yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àyè etí, o ti mọ ìwọ̀n tí o nílò. Fún owó yẹn lórí APS-C, kò tó 0.4. “Ìdajì ìdọ́gba” tó o tán. Àmì kékeré tí ilé ìrọwó máa ń tẹ̀ sára owó ló ń béèrè ohun tó kọjá ìdọ́gba, bíi 2:1, ìyẹn sì fẹ́ irinṣẹ́ mìíràn.

Lórí àwọn ohun tí a máa ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, mo rí i pé wọ́n dábàá “awò àfikún”. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí awò kankan nínú wọn, òfìfo ni. “Awò àfikún” yẹ èyí tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì, tó ní dígí nínú. Ti ẹ̀yìn ni ká pè ní “òrùka àfigùn”, nítorí gígùn ló ń fi kún. Ìṣirò ìwọ̀n tó ń fún wa rọrùn: fi mìlímítà lẹ́ńsì pín gígùn òrùka. Òrùka oní-mìlímítà 25 lẹ́yìn lẹ́ńsì oní-mìlímítà 50 tí a yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn á fún wa ní 0.5, tó bá jẹ́ 50, ó di ìdọ́gba. Kí ẹni tó fẹ́ rà á wò ó bóyá ó ní ojú iná tó ń so lẹ́ńsì pọ̀ mọ́ kámẹ́rà. Bí kò bá ní, ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì òde òní ò ní jẹ́ kí a yí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé nínú wọn padà. Èyí tó ṣeé fà gùn, tó ṣeé ká kúrú, ẹ jẹ́ ká pè é ní “ẹwìrì”. Mo ti gbọ́ àtakò pé kò fẹ́ atẹ́gùn. Awọ tó ń wú tó ń sọ̀ la fi ń mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ kí á tó gbọ́ ìró atẹ́gùn rẹ̀.

“Ìjìnlẹ̀ pápá” (depth of field) ni ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin ín. Kò sí pápá nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ohun tó jìn. Ohun tí à ń sọ ni bí ibi tó dá ṣáká nínú àwòrán ṣe nípọn tó, mìlímítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. “Ìnípọn ìdáṣáká” ni tèmi. Ní ìdọ́gba, pẹ̀lú f/8 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì ni f yìí, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe há tó) lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá, kò tó mìlímítà 1. Ẹni tó bá sá lọ sí f/16 kí ó lè nípọn sí i á bá ìṣòro mìíràn pàdé: ní ìdọ́gba, ihò tí a kọ f/8 sí ń ṣiṣẹ́ bíi f/16, f/16 sì di f/32. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò tó há bẹ́ẹ̀ kọjá á tẹ̀ létí rẹ̀, gbogbo àwòrán á wá rọ̀. Láàárín f/5.6 sí f/8 ni ká dúró sí.

Torí èyí náà ni mi ò ṣe fẹ́ kí a kọ “owó ẹyọ” fún kọ́ìnì. Owó ẹyọ ti ní ohun tó ń jẹ́, ó sì ga láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìyẹn á nílò àwòrán púpọ̀ tí fókọ́ọ̀sì wọn yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó dà wọ́n pọ̀. Owó onírin pẹlẹbẹ ni. Àwòrán kan ṣoṣo máa ń tó o, bí kámẹ́rà bá ṣáà dúró déédéé lókè rẹ̀. Bí ó bá fi dígírì 2 péré yẹ̀, etí kan lára owó oní-mìlímítà 24 á ga ju èkejì lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.8, ìnípọn ìdáṣáká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Dígí pẹlẹbẹ tí a fi ń wojú ni a fi ń ṣàtúnṣe: gbé e sí ibi tí owó máa wà, wo inú kámẹ́rà, kí o sì máa yí orí òpó tó gbé kámẹ́rà dúró títí ihò lẹ́ńsì fi bọ́ sí àárín gbùngbùn àwòrán. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ “òpó kámẹ́rà” ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọ̀pá àárín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀ máa ń mì.

Ti iná ló kù. “Iná olórùka” yé gbogbo ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà fúnra rẹ̀ ò dára fún owó: ó ń tàn yí ká lọ́gbọọgba, ojú ọba tó wà lórí owó á wá tẹ́ pẹẹrẹ. Iná méjì tó ga, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu lẹ́ńsì, ọ̀kan ní ìhà aago 10, èkejì ní ìhà aago 2, ló ń mú dídán owó jáde, àlàfo ẹnu tó tó ló sì ń fún wọn láyè. Ẹ má fi aṣọ funfun bo iná náà jù, dídán yẹn á kú. Fún owó tó ń dán gbinrin bíi dígí, dígí tín-ínrín la máa ń dá dúró ní dígírì 45 láàárín lẹ́ńsì àti owó, a ó tan iná láti ẹ̀gbẹ́, dígí á dà á sọ̀ kalẹ̀ tààrà, lẹ́ńsì á sì máa wò gba inú dígí náà. Wọ́n dábàá “ìmọ́lẹ̀ àtòkèwá” fún un, ṣùgbọ́n gbogbo iná orí àjà ló ń ti òkè wá. “Ìmọ́lẹ̀ abálẹ́ńsì-wò” ni mo fẹ́, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti lẹ́ńsì jọ ń gbà wo owó. Díẹ̀ nínú iná ni dígí náà máa dà sísàlẹ̀, nítorí náà ojú kámẹ́rà á ṣí pẹ́. Aago ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni kó tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ìka, kí kámẹ́rà má baà mì.