Wọ́n ń béèrè iye àdìrẹ lórí Instagram, wọn kì í rà: ibo ló ti ń jò?

AláróÌtòkú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tẹ̀yìn ìpolówó ọjà. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Abẹ́òkúta: ẹlẹ́kọ (tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí), oníko (tí wọ́n dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró), àti èyí tí wọ́n fi abẹ́là ṣe, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Mo ní ojú-ewé Instagram àti ti Facebook, WhatsApp lásán ni mo sì fi ń dá oníbàárà lóhùn. Àwọn tó ń tẹ̀lé mi ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti béèrè pé "èló ni?", tí mo dáhùn, ó tán nìyẹn.

Ṣé kí n máa kọ iye sábẹ́ àwòrán ni, àbí kí n ní kí wọ́n wá béèrè? Ṣé ó ti tó àkókò tí mo lè sanwó ìpolówó? Tí mo bá ní ₦15,000 láti ná, ibo ni kí n ná an sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n "máa gbé nǹkan tó dáa síbẹ̀". Ẹ sọ ohun tí èèyàn ń tẹ̀ àti ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́.

---

ỌjàÒwúrọ̀ dáhùn:

Ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá o.

Ẹ má tíì ná ₦15,000 yẹn. Ìpolówó kàn ń kó èrò wá ni. Bí ẹnu ìsọ̀ kò bá gún, èrò púpọ̀ á wá béèrè iye, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Inú WhatsApp ni ẹ ti ń pàdánù wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba WhatsApp Business sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe backup (ẹ tọ́jú ẹ̀dà) ọ̀rọ̀ tó wà lórí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó fi nọ́ńbà kan náà wọlé sórí tuntun. Nọ́ńbà kan kò lè wà lórí méjèèjì pa pọ̀, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ti ilé dá wà, ẹ ra síìmù mìíràn fún ọjà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Catalog, ìyẹn àtẹ ọjà yín nínú WhatsApp Business. Ó gba ọjà 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba àwòrán mẹ́wàá. Ẹ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní àmì: E-014 fún ẹlẹ́kọ, O-007 fún oníko. Àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe, méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Tí oníbàárà bá ní "aláwọ̀ aró yẹn, èyí tó ní ẹyẹ", ẹ lè fi aṣọ mìíràn ránṣẹ́ sí i, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti tà, ẹ fi Hide pa á mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá yan aṣọ tí wọ́n wá ní ó ti tán, kì í sábà padà yan òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń jò gan-an nìyí: ẹni tó béèrè iye, iye nìkan kọ́ ló fẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yáàdì márùn-ún pé, irú òwú tó jẹ́, èló ni wébíìlì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìgbà tí yóò dé. Tí ẹ bá fi iye nìkan dá a lóhùn, òun ló kù láti béèrè mẹ́rin yòókù, kò sì ní béèrè. Ẹ lọ sí Business tools, Quick replies, kí ẹ kọ odindi èsì síbẹ̀, kí ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú bíi /iye. Tí ẹ bá ti tẹ / nínú ọ̀rọ̀, á jáde. Ó lè rí báyìí:

"Ẹ kú déédéé àsìkò yìí. E-014, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì 5, òwú pọ́ńbélé, ₦… Wébíìlì sí Èkó ₦…, ọjọ́ kejì tí ẹ bá sanwó ni yóò dé. Ó ṣì wà nílẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún yín di aago mẹ́rin?"

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ló parí rẹ̀, ó rọrùn fún un láti dáhùn. Ẹ má sì fi "mà" sínú èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ o. Àwọn ọkùnrin náà ń ra àdìrẹ.

Ẹ lo Labels, àmì tí ẹ fi ń to oníbàárà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tuntun, ẹni tí a ń retí owó rẹ̀, ẹni tó ti sanwó, èyí tí a ti fi ránṣẹ́. Ní alaalẹ́, ẹ ṣí "ẹni tí a ń retí owó rẹ̀", kí ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré.

Lìǹkì tí ẹ máa fi sórí Instagram: wa.me/234 kí ẹ wá so nọ́ńbà yín mọ́ ọn, láìsí òdo iwájú, láìsí àmì +. Bí òdo yẹn bá wà níbẹ̀, lìǹkì kò ní ṣí. Tí ẹ bá fi ?text=Mo%20fẹ́%20ra%20àdìrẹ kún un, ọ̀rọ̀ á ti wà lẹ́nu oníbàárà kó tó tẹ nǹkan kan.

Ó ku ti Status. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò lè rí Status yín, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Broadcast list, tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan: èèyàn 256 ló ń gbà, ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò sì ní rí ọ̀rọ̀ náà gbà. Nítorí náà, ẹ fún wọn ní ìdí tí wọn ó fi fi í pamọ́. Bí àpẹẹrẹ, ẹ máa gbé aṣọ tuntun sórí Status ní ọjọ́ Ẹtì, kó tó dé Instagram ní ọjọ́ Àìkú.

---

FótòLówùúrọ̀ dáhùn:

Kí n fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àwòrán, torí aró máa ń da fóònù láàmú. Tí aṣọ dúdú bá kún ojú kámẹ́rà, fóònù á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Aró tó dúdú minimini á wá dà bí aṣọ tó ti ṣá. Oníbàárà á gba ohun tó dú ju èyí tó rí lọ, á ní ẹ ti tan òun jẹ. Ẹ fi ìka tẹ orí aṣọ náà lójú fóònù, kí ẹ di ìka mú títí yóò fi dúró sójú kan (lórí iPhone, ẹ ó rí AE/AF LOCK), kí ẹ wá fa àmì oòrùn wálẹ̀ títí funfun inú ọnà yóò fi funfun, tí aró yóò sì dú.

Ẹnu ọ̀nà tí òjìji wà ni kí ẹ ti yà á, láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹ pa gílóòbù inú ilé. Bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú bá pàdé ti ọ̀sán, aṣọ kan á ní àwọ̀ méjì, kò sì sí filter tó lè tún un ṣe. Ẹ má tilẹ̀ lo filter rárá lórí ohun tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú. Òróró ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀ ń pè ní "fóònù burúkú".

Àwòrán mẹ́rin ti tó fún aṣọ kan: èyí tí ẹ tẹ́ gbalaja, ọnà rẹ̀ nítòsí, ẹ̀yìn rẹ̀, àti orí èèyàn. Ti ẹ̀yìn yẹn ṣe kókó lásìkò tí ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ kún ọjà yìí. Lára èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ sábà máa ń rẹ́súrẹ́sú. Oníko yín á mú aró tojú tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, nítorí náà ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn tó ti iwájú. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba sábẹ́ àwòrán, kí ẹnì kan má baà pe ojúlówó ní ayédèrú.

Fún Reels, fídíò kúkúrú orí Instagram, ẹ gbé fóònù dúró lóòró, 9:16. Ìṣẹ́jú àáyá 15 tó. Aṣọ ni kó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ yín tó ń yí kiri. Ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìṣí ohùn, nítorí náà ẹ kọ àmì E-014 yẹn sójú fídíò. Àárín tàbí apá òkè ni kí ẹ kọ ọ́ sí o, torí Instagram ń gbé orúkọ yín àti àkọlé lé ìsàlẹ̀. Fídíò tí ẹ ti ń fọ aṣọ nínú abọ́ funfun náà ń tajà dáadáa. Tí aró bá yọ díẹ̀ nínú omi àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó hàn, kí ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́: lọ́tọ̀, nínú omi tútù, kí wọ́n sá a síbi òjìji.

---

ÈrèLójà dáhùn:

Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa kọ iye sábẹ́ àwòrán. Mi ò fara mọ́ kí ẹ máa kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo nǹkan. Iye òwú ń gòkè, ti caustic soda tí a fi ń po aró ń gòkè. Àwòrán oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye àtijọ́, oníbàárà á yà á lójú fóònù, á gbé e síwájú yín. Ẹni tó fẹ́ aṣọ ẹbí ogójì náà kì í san iye ẹni tó ra ẹyọ kan.

Ọ̀kan tí ẹ kò tíì mẹ́nu kàn: ẹ má fi áláàtì orí fóònù tàbí àwòrán ìwé ẹ̀rí ìsanwó gbé ọjà jáde. Ẹ ṣí app báńkì yín, kí ẹ rí i pé owó ti wọlé. Áláàtì, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ayédèrú rẹ̀.

---

ỌjàÒwúrọ̀ dáhùn:

@ÈrèLójà, òótọ́ ni pé iye ń yí, ọjọ́ ni kí a kọ tì í: "iye yìí wà títí di òpin oṣù yìí". Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iye wà nínú àkọlé, kí àmì nìkan wà lójú fídíò. Àkọlé, ẹ tẹ tótó mẹ́ta, ẹ yan Edit, ó yí padà. Ohun tí ẹ ti kọ mọ́ fídíò kò ṣeé yí mọ́. Ti aṣọ ẹbí, ẹ kọ "ogún lọ sókè, ẹ pè wá". Yàtọ̀ sí èyí, abala 115 nínú òfin FCCPA ọdún 2018, òfin ìdáàbòbò oníbàárà Nàìjíríà, ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn kedere. "Ẹ wá sí DM" tí gbogbo wa ń kọ yẹn kò bá òfin mu.

---

OníṣiròÌpolówó dáhùn:

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn, owó lè jáde wàyí.

Bọ́tìnnì Boost, tí ẹ fi ń sanwó kí Instagram gbé àwòrán yín kiri, kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rán an ló máa jẹ́. Tí ẹ bá yan kí wọ́n wá wo profile yín, àwọn tó fẹ́ràn à ń wo profile ló máa kó wá. Ẹ lo Ads Manager, ibi tí a ti ń ṣètò ìpolówó Facebook àti Instagram. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ lọ sínú Settings ojú-ewé Facebook yín, Linked accounts, WhatsApp, kí ẹ fi nọ́ńbà ọjà sí i. Kóòdù á wọlé sórí WhatsApp, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà: Create, Engagement, kí ẹ sì yan WhatsApp pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kàn sí yín. Ibi tí ọjà yín lè dé ní wàhálà díẹ̀ ni kí ẹ yàn: Èkó, Ìbàdàn, Abuja.

Ẹ má ṣe ìpolówó fún aṣọ tí ẹ fẹ́ràn jù. Èyí tí àwọn èèyàn ti ń béèrè láìsanwó ni kí ẹ lò, kí iye wà lára rẹ̀, kí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a má baà tẹ̀ ẹ́ jẹ owó yín.

Ẹ pín ₦15,000 sí ₦3,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, nínú ad set (ìdì ìpolówó) kan ṣoṣo. Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, nílò èsì bí 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ irú ẹni tó ń wá. Tí ẹ bá pín owó kékeré sí ad set márùn-ún, kò sí èyí tó máa mọ nǹkan kan. Tí ẹ bá sì ń yí àwòrán tàbí àwọn tí ẹ fẹ́ kó rí i padà lójoojúmọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti A. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún á gun orí rẹ̀, ₦1,125, ó di ₦16,125. Ká sọ pé ọgbọ̀n èèyàn kàn sí yín: ẹnì kan jẹ́ nǹkan bí ₦538. Tí mẹ́ta bá rà, oníbàárà kan ná yín ní ₦5,375. Bí èrè orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦4,000, ẹ ti jẹ gbèsè. Tí mẹ́fà bá rà nínú ọgbọ̀n yẹn, ó di nǹkan bí ₦2,688, èrè ti wà. Ìpolówó kan náà ni, owó kan náà ni. Èsì /iye tí ỌjàÒwúrọ̀ kọ ló lè sọ mẹ́ta di mẹ́fà. Ẹ má wo "like" nínú ìṣirò yìí rárá.

---

AláróÌtòkú dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹnì kan fẹ́ ta nọ́ńbà WhatsApp 5,000 fún mi, pẹ̀lú app tó máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí n rà á mọ́ ọn?

---

OníṣiròÌpolówó dáhùn:

Ẹ má rà á. Àwọn ẹni yẹn kò gbà kí ẹ kàn sí wọn, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì wà. Kí òfin tilẹ̀ tó dé, wọ́n á tẹ Block àti Report, WhatsApp á sì ti nọ́ńbà yín pa pẹ̀lú gbogbo oníbàárà tó wà lórí rẹ̀. App tí kì í ṣe ti WhatsApp fúnra rẹ̀ nìkan tó fún wọn láti ti nọ́ńbà.

Irú app bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kí ẹ ya àwòrán kóòdù kan kí ó lè wọ inú WhatsApp yín, ẹni tó ni ín á sì máa ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú oníbàárà. Tí ẹ bá ti dán an wò, ẹ lọ sí Settings, Linked devices. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Log out, kí ẹ sì tan Two-step verification lójú ẹsẹ̀.