Èsì lórí "àfòmọ́": kí la ó máa pe àjèjì tó ń jẹ gàba lórí oko?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjíròrò o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ kí a túmọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àti apẹja, èyí tí wọn yóò máa fi ròyìn ewéko tàbí kòkòrò tó ti òkèèrè wá tó sì ń da oko àti odò láàmú. Ẹ̀gbọ́n ní kí a pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní "àfòmọ́". Ẹ má bínú sí mi, n ò fara mọ́ ọn.

Àfòmọ́ kì í ṣe àjèjì rárá. "Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan." Òwe náà ti júwe rẹ̀ tán: ara ẹlòmíràn ló ń gbé. Ewé Akíntọ́lá, ọ̀kan lára àwọn ewéko òkèèrè tí fọ́ọ̀mù náà ń wá, ní gbòǹgbò tirẹ̀, kò bá igi kankan tan, ńṣe ló ń bo ilẹ̀ mọ́ gbogbo wọn lójú. Yàtọ̀ sí èyí, àwa onígírámà ti yá ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn tipẹ́: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àfòmọ́ àárín, ìyẹn àwọn ègé tí a ń so mọ́ ọ̀rọ̀ láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ̀yà àjèjì" tí ẹnìkan fi dáhùn tún wá burú jù. Ẹ gbé e sórí rédíò l'Ékòó: "Bí ẹ bá rí ẹ̀yà àjèjì ládùúgbò yín, ẹ tètè fi tó wa létí." Ṣé ẹ rí ìjà tó ń bọ̀? Ẹ̀yà ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ìdìbò. "Irú" tẹ́ mi lọ́rùn jù, bí àwọn aláwàdà bá tiẹ̀ máa béèrè bóyá ti ọbẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé nǹkan méjì ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan gbé: ibi tí nǹkan ti wá, àti ohun tó ń ṣe níbi tó dé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́, ata àti kòkó ti wá. Bí fọ́ọ̀mù bá ní kí àgbẹ̀ ròyìn gbogbo àjèjì, àgbàdo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ. "Apanirun" náà kò bá a mu, torí ewé Akíntọ́lá kan náà là ń fún sójú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àbá tèmi: kí "àjèjì" dúró fún orírun nìkan, kí a sì fi "ajẹgàba" kún un fún èyí tó ń gba ilẹ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́. Àjèjì ajẹgàba. Mo ti ro "agbalẹ̀" wò, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Kíá ni yóò di agbálẹ̀ onígbálẹ̀.

Ní ti orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ ká ṣẹ̀dá ohunkóhun. Àwọn àgbẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ, orúkọ yẹn sì ní ìtàn nínú. Ìtàn tí a mọ̀ ni pé inú irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní 1937 ni Akíntọ́lá fara pamọ́ sí dé Nàìjíríà; nígbà tó di 1942, wọ́n ti rí i ní Enugu. Ìgbà tí ìjà òṣèlú ìwọ̀-oòrùn le ni orúkọ dé: àwọn kan pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní Awólọ́wọ̀. (Èyí tí ìlú kan yàn, ẹ̀yin náà lè fọkàn rò ó.) Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ológun tó gbàjọba ní 1972. Ẹni tó bá gba orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tó ti gbọ́ wọn ti ń tọ ipasẹ̀ ewéko náà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá pa tiwọn dà: Eupatorium odoratum di Chromolaena odorata ní 1970. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo wá àkọsílẹ̀ yóò pàdánù èyí tó kù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti òjúoró. Òjúoró tó ń lékè omi nínú ìwúre wa ti pẹ́ lórí odò. Ewéko òdòdó aláwọ̀ àlùkò (water hyacinth) tó ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ ọ̀sà Àgbádárìgì ní 1984, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í ṣe òjúoró. Síbẹ̀ mo ń rí ìtumọ̀ tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí apẹja mẹ́wàá bá kọ "òjúoró", báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí wọ́n rí?

Nítorí náà kí fọ́ọ̀mù ní ààyè mẹ́ta: àwòrán, orúkọ tí ará ibẹ̀ ń pè é, àti orúkọ sáyẹ́ǹsì tí onímọ̀ yóò kún fúnra rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo (fall armyworm), èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ wa ní 2016, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe áàpù fóònù fún un ní 2018. Iṣẹ́ rírọrùn wà lára ohun tó béèrè: kí àgbẹ̀ rìn wọ oko, kó ka iye igi àgbàdo tí kòkòrò ti bà jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ àti ará Àgbádárìgì tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń pe ewéko ọdún 1984 yẹn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, kódà bó bá jẹ́ èébú.